Ta Ni Ó Sọ Ọ́ fún Ọ? Èsì sí Àwọn Tí Ń Jiyàn Lórí Ìtàn Kétu

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà wa. Ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí tí ojú ìwé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ìtàn ti di ibi tí àwa olùfẹ́ ìtàn ti ń fọ̀rọ̀ wọ́ ara wa: tíṣà, aránṣọ, awakọ̀, àgbẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò san owó oṣù fún pé kí wọ́n wádìí ohun tó ti kọjá, ṣùgbọ́n tí oorun kì í kùn wọ́n bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnìkan ṣi orúkọ Alákétu kan, ọba ìlú wa, pè. Níhìn-ín ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, irú àwa bẹ́ẹ̀ máa ń péjọ ní ìrọ̀lẹ́, bí ọ̀rọ̀ bá sì ti dé orí Glele, ọba Dahomey tó kó Kétu lógun, tàbí Ida Alaba, olorì Kétu kan nígbà àwọn Faransé, kì í tán títí ilẹ̀ yóò fi ṣú pátápátá. Nítorí náà, n kò kọ̀wé yìí láti ní kí ẹni tí kò kọ́ ìtàn ní yunifásítì pa ẹnu mọ́. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé a ń jiyàn lórí ìtàn Kétu ní ọ̀nà tí Kétu fúnra rẹ̀ kì í gbà sọ ìtàn.

Ìlú wa ní oyè kan tí a dá sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ yìí gan-an. Baba Ẹlẹ́gùn ni à ń pe ẹni tó bá jẹ ẹ́, inú ìdílé Oyede ni oyè náà sì wà láti ìran dé ìran. Òun ni ó ń kó ìtàn ìlú sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun náà ni ó sì ń kà á jáde nígbà tí a bá ń fi Alákétu tuntun jẹ. Kò gbọdọ̀ fo ibì kan, kò sì gbọdọ̀ ṣì í kà, nítorí ìgbàgbọ́ ìlú ni pé ìyà ọ̀run ń bẹ fún ẹni tó bá kà á lódì. N kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè rò pé Baba Ẹlẹ́gùn kò lè ṣìnà. Ènìyàn ni, kò sì sí ọba tí kì í fẹ́ kí a dárúkọ baba òun dáadáa. Ohun tí mo rí nínú ètò náà ni pé gbogbo ìlú mọ ẹnu tí ọ̀rọ̀ ti jáde, wọ́n mọ ilé tí ó ti kọ́ ọ, wọ́n sì mọ ẹni tí wọn yóò bi bí ọ̀rọ̀ bá wọ́. Ìdílé ọba márùn-ún ni oyè Alákétu ń yí láàárín wọn: Alápìíni, Magbo, Aro, Mesa àti Mefu. Ta ni yóò fo baba Magbo kan níwájú àwọn ọmọ Magbo, kí ó sì lọ sílé ní àlàáfíà?

Ẹ wá fi èyí wé àwọn lẹ́tà tí à ń kà. “Ìtàn fi yé wa pé”, “gbogbo ayé ló mọ̀ pé”, báyìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ń bẹ̀rẹ̀, wọn kì í sì í sọ ìtàn wo, tàbí ta ni ó sọ ọ́ fún wọn. Ọ̀kan tilẹ̀ fi ìwé Parrinder lu àgbàlagbà kan mọ́lẹ̀, pé nígbà tí òyìnbó ti kọ ọ́, kí bàbá má yọ ara wọn lẹ́nu mọ́. Òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni Parrinder, ó ti ṣiṣẹ́ ní Dahomey kí ó tó lọ máa kọ́ni ní Ìbàdàn, Ìbàdàn náà ni wọ́n sì ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí Kétu ní 1956. Ẹnu àwọn ará Kétu ni ó ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tó kọ. Ẹni tí ó ń fi ìwé náà ṣẹ́ àgbàlagbà wa lẹ́nu ń fi ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà kan bo ti àwọn mìíràn mọ́lẹ̀, kò kàn mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe nìyẹn ni.

Ìdí kan wà tí ìbéèrè “ta ni ó sọ ọ́ fún ọ?” fi ṣe pàtàkì ní Kétu ju bí ó ṣe ṣe pàtàkì ní ibòmíràn lọ. Ní 1883, àwọn ọmọ ogun Glele dé bá ìlú nígbà tí àwọn jagunjagun wa kò sí nílé. Wọ́n pa Alákétu Ojeku, wọ́n sì dáná sun ilé. Ní 1886 wọ́n padà wá, wọ́n dó ti ìlú, wọ́n sì tú u ká pátápátá. Odi Kétu, yàrà jíjìn tó yí i ká àti Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ìlú tí àwọn àlejò ń wá yà ní fọ́tò lónìí, kò gbà wá ní ọdún náà. Àwọn tó ṣẹ́kù di ẹrú ní Àgbómẹ̀, olú-ìlú Dahomey, àwọn mìíràn sì sá wọ inú igbó tàbí ìlú àwọn ará wọn. Kò sí ẹni tó ń gbé Kétu bí ìlú mọ́ títí tí àwọn Faransé fi ṣẹ́gun Behanzin, ọmọ Glele tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn ẹrú sì rí ọ̀nà padà sílé. Lára àwọn tó ti oko ẹrú dé ni Onyegen, ẹni tí wọ́n fi jẹ Alákétu ní 1894. Ẹ rò ó wò. Gbogbo orúkọ ọba tí a ń torí rẹ̀ gbá ara wa mú lónìí ti gba inú ìtúká yìí kọjá. Àwọn tó mọ ìtàn kú, tàbí wọ́n di àgbàlagbà sí ilẹ̀ onílẹ̀, àwọn tó padà sì tún un tò pẹ̀lú ohun tí ọkọ̀ọ̀kan rántí láti ilé tirẹ̀. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí ilé kan bá ní ọba kan sí i, tí ilé kejì sì fi ẹ̀gbọ́n sí ipò àbúrò. Ẹni tó ń pariwo pé “irọ́ ni” kò tíì béèrè ilé tí ọ̀rọ̀ ti wá.

Ọ̀rọ̀ pé ta ni àgbà nínú àwọn ọmọ Odùduwà, Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Ọ̀yọ́, n kò ní fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Ó ti jẹ ojú ìwé yín tó.

Ṣùgbọ́n òǹkàwé kan láti òdìkejì ibodè kọ̀wé pé àwa ará Kétu ti di Faransé àti Fọ̀n, pé Yorùbá wa kò pé mọ́, èyí sì gba èsì. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889 ni ó fi Kétu sí ìhà kan, tí ó sì fi Ìmẹ̀kọ sí ìhà kejì. Ilẹ̀ Alákétu kan náà ni méjèèjì kí àwọn òyìnbó tó fa ìlà wọn. Ní ti àdàlù, ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ ìlú wa fúnra rẹ̀ kò sọ pé ibi òfìfo ni Ọba Ẹ̀dẹ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dé láti ìlú Aro. Ó sọ pé ọdẹ kan, Alalumon, ni ó fọ̀nà hàn wọ́n, àti pé ọwọ́ àgbà obìnrin kan tí wọ́n bá níbẹ̀, Yá Bokolo, ni wọ́n ti gba iná. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí ì bá ti yọ obìnrin náà kúrò, bí ó bá jẹ́ pé ojú ń tì wọ́n. Wọn kò yọ ọ́. Ní Salvador ní ilẹ̀ Bùràsílì, àwọn ọmọ ẹrú tí a kó láti ilẹ̀ yìí ṣì ń fi orúkọ Kétu pe ẹ̀yà ìsìn wọn. Nígbà tí UNESCO sì kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà tí a kò lè fọwọ́ kàn, orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo ni wọ́n kọ sí i pọ̀. Ẹni tó fẹ́ wọn Yorùbá wa, kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí òun yóò fi wọ̀n ọ́n.

Mo wá dé orí Glele. Láti ìgbà tí Faransé ti dá ohun-ọnà 26 padà fún wa ní 2021, tí ère Glele sì wà nínú wọn, àti láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ère jagunjagun obìnrin Dahomey, tí gíga rẹ̀ tó mítà 30, dúró sí Kútọnu ní 2022, ni àwọn òǹkàwé yín ti pín sí méjì. Àwọn kan ní akọni ni àwọn obìnrin náà, pé wọ́n kú nítorí ilẹ̀ wọn nígbà tí Faransé dé. Òótọ́ ni. Àwọn ti Kétu ní inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ń kó wa lẹ́rú ni àwọn obìnrin náà ti kọ́ ogun jíjà. Òótọ́ ni èyí pẹ̀lú, ẹ má sì bínú bí mo bá sọ ọ́ bí àwọn àgbà ti ń sọ ọ́: ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. N kò ní kí wọ́n wó ère. Ohun tí mo ń béèrè ni ohùn kan tí n kò tíì gbọ́ lójú ìwé yín rárá. Kì í ṣe gbogbo ẹrú Kétu ni ó padà wá. Àwọn kan bímọ sí Àgbómẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ń sọ Fọ̀n. Ó ṣeé ṣe dáadáa kí ẹni tó fi ìbínú kọ lẹ́tà láti gbèjà Glele jẹ́ ọmọ ọmọ obìnrin Kétu kan tí wọ́n fà lọ ní 1886. Kí ni wọ́n sọ fún un nílé nípa ibi tí ìyá baba rẹ̀ ti wá? Lẹ́tà kan ṣoṣo láti irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò wúlò fún mi ju ogún lẹ́tà èébú lọ.

Ida Alaba ni ó le jù, òun náà sì ni ìjà wa máa ń gbóná lé lórí. Ìyàwó Alákétu Onyegen ni. Nígbà tí ọjọ́ ogbó dé bá ọba, àwọn Faransé fi obìnrin yìí ṣe alágbára lórí ìlú, wọ́n sì ń gba ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tí wọ́n fẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ohun tí wọ́n fẹ́ ni owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọn yóò kó lọ sójú ogun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kó ẹrù wọn, wọ́n gba ibodè kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn obìnrin wa sì ń pè é ní aṣáájú, pé ta ni ó tún rí obìnrin tó jókòó níwájú òyìnbó ní ìgbà náà. Mo ti gbọ́ ìhà méjèèjì títí, ohun tí mo sì ṣàkíyèsí ni pé ìwé àwọn aláṣẹ Faransé ni àwọn tó ń yìn ín máa ń tọ́ka sí, àwọn aláṣẹ wọ̀nyí kò sì lè ṣàìyìn ín nígbà tí ó ń bá wọn kó owó orí jọ. Àwọn tó ń bú u ń sọ ohun tí wọ́n gbọ́ ní ilé tí wọ́n ti kó ọmọ lọ sójú ogun. Èmi gba tàwọn kejì gbọ́ ju tàwọn kìíní lọ. Síbẹ̀, ohun kan ń kọ mí lóminú nínú ìdájọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa: Faransé kan náà ni ó fi Onyegen sórí oyè, wọn kì í sì í pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Faransé kan náà ni Ọba Toffa ti Àjàṣẹ́ bá tọwọ́ bọ̀wé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń pè é ní ọlọ́gbọ́n ọba tó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ènìyàn tẹ̀ ba. Kí àwọn tó ń dájọ́ sọ fún wa bí ó bá jẹ́ pé ohun tí Ida Alaba ṣe ni wọ́n ń bínú sí, tàbí pé obìnrin ni ó ṣe é.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, kò pọ̀. Kí ẹ tó tẹ lẹ́tà kankan lórí ìtàn, ẹ ní kí ẹni tó kọ ọ́ sọ ibi tí ó ti gbọ́ ọ: ìdílé wo, àdúgbò wo, tàbí ìwé wo, àti ibi tí olùkọ̀wé náà ti gbọ́ tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé èrò ara rẹ̀ ni, kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò pa á. Ẹ sì pe àwọn ará Àgbómẹ̀ àti Ìmẹ̀kọ pé kí wọ́n kọ̀wé wá, ní èdè yòówù tí ó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Kí n má baà ní kí ẹlòmíràn ṣe ohun tí èmi kò ṣe: n kò sí nínú ọ̀kankan nínú ìdílé ọba márààrún. Àwọn ènìyàn ìyá mi wà lára àwọn tó sá lọ sí Ìmẹ̀kọ nígbà tí wọ́n ń kó ọmọkùnrin lọ sójú ogun, àwọn kan nínú wọn kò sì padà. Ẹni tó bá ka ohun tí mo kọ nípa Ida Alaba, kí ó fi èyí sọ́kàn.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan, Kétu.