Ọ̀rọ̀ Kan Tó Lé Ọrọ̀ Lọ

Iléṣà,
14 Oṣù Kọkànlá, 2023.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ìbejì tí mo gbọ́ pé wọ́n ti ga jù ọ́ lọ báyìí. Ẹ kú òtútù Kánádà. Láti ọjọ́ Àbámẹ́tà ni mo ti fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ó gùn ju ohun tí èèyàn lè máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ lọ, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́ lóhùn, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni o máa kọ́kọ́ rín. Rín in tán ná, kí o tó máa kà á lọ.

O mọ̀ pé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa ń kó owó jọ láti tún òrùlé yàrá sáyẹ́ǹsì tí ìjì ṣí ṣe. Ẹ̀gbọ́n tí ó máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ pupa gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí a wà nílé ìwé ni a fi ṣe alága ọjọ́ ìkówójọ náà, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ ìwé tí a ó fi júwe wọn fún àwùjọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, torí pé ọdún 26 ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nílùú yìí. Mo kọ ọ́, mo sì fara balẹ̀ kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí n ó fi sọ pé Ẹ̀gbọ́n lówó ni mo ń wá. Mo kọ́kọ́ mú "wealthy", mo fi í sílẹ̀, torí pé ó dún bí ìwé tí báǹkì fi ń ránṣẹ́ sí èèyàn. Mo mú "well-to-do", ṣùgbọ́n ìyẹn dà bí ẹni tí ó kọ́ ilé kan tí ó sì ra mọ́tò kan, mo mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n yóò ní mo rẹ àwọn sílẹ̀. "Comfortable", ìyẹn ẹni tí ara tù, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn fẹ́ràn, nítorí pé olówó wọn kì í fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lówó. Ẹni tí ojú kò tó òpin ilẹ̀ rẹ̀ yóò ní òun ṣáà wà ní "comfortable", bí ẹni pé àga tìmùtìmù ni wọ́n ń bi í léèrè. Gbé ìyẹn síwájú àwọn ọmọ Ọwá kí o wò ó! Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ́wọ́ họrí ni wọn yóò rò pé à ń sọ. Níkẹyìn, mo kọ "a man of substance", torí pé ó ń sọ ti owó, ó sì ń sọ ti ìwà.

Àṣìṣe mi kò ju ẹyọ kan lọ: mo fi ìwé náà lé akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ́wọ́ kí ó bá mi tẹ̀ ẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ kọ̀ǹpútà ju bí ó ṣe mọ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ mi ti gbó, ó wá wo inú fóònù rẹ̀ fún òmíràn tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, fóònù sì to gbogbo wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni pé ìyá kan ló bí wọn. Òun náà ni ó gba gbohùngbohùn lọ́jọ́ náà. Bí ó ṣe dé ibi orúkọ alága, ó fi gbogbo ohùn rẹ̀ kéde pé "stinking rich" ni wọ́n, ìyẹn olówó tí ń rùn.

Bàbá Ìbejì, gbọ̀ngàn náà dákẹ́. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn, ó bi wọ́n ní nǹkan kan létí. Ẹ̀gbọ́n gbé ìgò mọ́líìtì wọn kalẹ̀, wọ́n rọra fa apá agbádá òfì wọn sókè, wọ́n sì fi kan imú. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ni gbogbo ilé bá gbà á. Wọn kò bá wa rín. Àpòòwé funfun kan wà níwájú wọn lórí tábìlì láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó. Nígbà tí ó kan àwọn láti sọ̀rọ̀, wọ́n mú un, wọ́n fi í sápò, wọ́n ní a ó máa rí ara wa. Òrùlé ni mo rí tí ó wọ inú àpò lọ yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé báwo ni n bá ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Bí o bá wo inú ọ̀rọ̀ náà dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì kì í fẹ́ yin olówó láìfi nǹkan kan gún un. "Stinking rich" àti "filthy rich", ẹ̀yìn olówó ni wọ́n ti ń sọ wọ́n, pẹ̀lú ìlara díẹ̀ àti ẹ̀rín díẹ̀; ẹnikẹ́ni kì í kà wọ́n fún un lójú agbo. Kódà Bíbélì King James ti ọdún 1611 pe owó ojúkòkòrò ní "filthy lucre", ìyẹn èrè ẹlẹ́gbin, nínú lẹ́tà kìíní tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Tímótì. Àwa náà ní tiwa o. Àwọn ọmọ Èkó kò ha ń sọ pé owó ń rùn lára lágbájá, tí lágbájá yóò sì máa rẹ́rìn-ín, tí yóò tún náwó fún wọn? Ṣùgbọ́n ní Yorùbá, owó ni ó ń rùn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ti akọ̀wé yẹn, èèyàn gan-an ni.

Àwọn tó kù kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Loaded" ni à ń sọ fún lọ́rì àti ìbọn, àwọn ará Amẹ́ríkà sì tún ń fi í pe ẹni tí ó ti mutí yó, ọ̀rọ̀ ọtí sì ni ohun tí mi ò gbọdọ̀ fẹnu kàn níwájú Ẹ̀gbọ́n láti ìgbà ìgbéyàwó rẹ. Èyí tí wọ́n fi ń sọ pé ṣíbí fàdákà wà lẹ́nu ẹnì kan kí wọ́n tó bí i, wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn òbí ìsàmì ni ó ti wá, torí pé ṣíbí fàdákà ni wọ́n máa ń fún ọmọ ìsàmì wọn lẹ́bùn; ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé àkàrà ni ìyá Ẹ̀gbọ́n dín ní Ẹrẹ́jà tí wọ́n fi kàwé. Bí n bá sì ní kí n kọ "from rags to riches", n bá kúkú ti tẹ́ jù báyìí lọ, nítorí mi ò tíì rí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí yóò jókòó kí o pe ìró ìyá rẹ̀ ní àkísà kí ó sì pàtẹ́wọ́ fún ọ. Ohun tí ó dùn mọ́ mi nínú gbogbo rẹ̀ ni pé "rich" pàápàá kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó níbẹ̀rẹ̀. Ìdílé kan náà ni òun àti "rex" ti Látìn, tí í ṣe ọba. Alágbára ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ kí owó tó gba orúkọ mọ́ agbára lọ́wọ́. "Fee" tí à ń san nílé ìwé, ẹran ọ̀sìn ni ìbátan rẹ̀, "feoh", ń sọ nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ìwọ tí bàbá rẹ ta ewúrẹ́ kí o tó wọ kíláàsì, o mọ̀ pé nǹkan kan kò yí padà.

Wọ́n tún ní òwe kan tí wọ́n fi ń sọ pé èèyàn lówó bíi Croesus, ọba Lydia, ní ilẹ̀ tí ó di Tọ́kì lónìí, tí ó ti kú láti ohun tí ó lé ní 2,500 ọdún. Ta ló mọ̀ ọ́n ní Ọjà Àtàkúnmọ́sà? Ìyá àgbà mi, nígbà tí a bá ń yọ wọ́n lẹ́nu fún owó, Candido da Rocha, olówó Èkó ayé àtijọ́, ni wọ́n máa ń dárúkọ, wọn a ní "Ṣé èmi ni Dárọ́ṣà ni?" Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni bàbá ọkùnrin yẹn, wọ́n kó o lẹ́rú lọ sí Brazil kí ó tó padà wá sí Èkó, ìdílé wọn ló ni Ilé Omi ní òpópónà Kakawa, Candido fúnra rẹ̀ sì kú ní 1959. Ká ní mo ti kọ ọ́ pé Ẹ̀gbọ́n lówó bíi Dárọ́ṣà, wọn ì bá dìde jó.

Màmá ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú wọn, wọ́n sì ti ń ríran. Ayálégbé rẹ ní Ìmọ̀ san ìdajì owó, ó ní kí n kí ọ.

Ìyàwó rẹ ni àbúrò Ẹ̀gbọ́n, wọn kì í sì í gbójú kúrò lára ohùn rẹ̀. Jọ̀wọ́, jẹ́ kí ó bá mi pè wọ́n. Mo ti lọ sílé wọn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ọlọ́dẹ ní wọn kò sí nílé, bẹ́ẹ̀ ni mo ń wo mọ́tò wọn láti ẹnu géètì. Bàbá bàbá mi ṣe Òṣómàáló; ká ní ẹ̀mí wọn wà lára mi ni, n bá ti lóṣòó síbẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tí ó ra aṣọ wọn láwìn, n kò sì ní dìde. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jẹ mí ní nǹkan kan.

Kì í ṣe tìtorí òrùlé nìkan, ọ̀rẹ́ mi. Oyin, ọmọ mi, parí agùnbánirọ̀ ní oṣù kẹfà, Ẹ̀gbọ́n sì ti ṣèlérí fún mi láti ẹnu ara wọn pé yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ wọn ní Èkó lọ́jọ́ kìíní oṣù tí ń bọ̀. Láti ọjọ́ Àbámẹ́tà, wọn kò gbé ìpè mi. Ọmọ náà ti di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì méjì, ó ń bi mí láràárọ̀ pé kí ni Dádì Èkó wí, mo sì ń dáhùn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Ìyá rẹ̀ kò tíì mọ̀.

Bí ìyàwó rẹ bá pè wọ́n, kí ó sọ fún wọn pé èmi kọ́ ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn, ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ sì wà lọ́wọ́ mi tí mo lè fi hàn. Kí ó fi oríkì wọn ṣáájú. Kí ó sì jọ̀wọ́, má ṣe bá wọn sọ Gẹ̀ẹ́sì kankan.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bàbá Oyin.