Ẹ Má Fo Jeanne Villepreux-Power Dá

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí àwọn obìnrin tó ń ṣèwádìí nípa ẹran omi oníkarahun àti bí a ṣe ń sìn wọ́n. Ó dùn ún kà, àmọ́ àárín lẹ ti mú ìtàn náà. Jeanne Villepreux-Power ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti nǹkan bí ọdún 1832.

Aránṣọ ni obìnrin ará Faransé yìí kó tó lọ sílé ọkọ ní Messina, ní erékùṣù Sicily. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ ìmọ̀ ẹranko. Ohun tó ń da àwọn onímọ̀ láàmú nígbà náà ni argonaut, ẹbí ọ́kítópọ́ọ̀sì: ṣé òun ló ṣe karahun tó ń gbé ni, àbí ó gbà á lọ́wọ́ ẹran mìíràn? Òkú ẹran ni púpọ̀ nínú wọn gbé sórí tábìlì tí wọ́n ń jiyàn lé. Jeanne ní tirẹ̀ ṣe àpótí onígíláàsì, ó bu omi òkun sí i, ó kó ààyè wọn síbẹ̀. Ó rí i bí karahun ṣe ń hù lára àwọn ọmọ wọn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ ti àgbà, ẹran náà sì tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ̀rí wo ló tún kù? Ó tún ṣe àgò tí wọ́n ń rì sínú òkun, tó fi ń ṣọ́ wọn nínú omi gan-an.

Púpọ̀ nínú ìwé àti àkójọ rẹ̀ bá ọkọ̀ ojú omi rì. Bóyá ìdí tí orúkọ rẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n nìyẹn. Bí apá kejì bá ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá àyè fún un.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé kan