Abẹ́ páànù ni owó òrùlé wà

Olóòtú àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí òǹkọ̀wé yín kan kọ, pé kí Èkìtì padà sí koríko bẹẹrẹ àti ewé gbòdógì láti fi bo ilé àwọn tí ọwọ́ wọn kò tẹ́nu. Ó ṣeun tó ń ro ti mẹ̀kúnnù, ṣùgbọ́n káfíńtà ni mí, mi ò fara mọ́ ọn. Èrò tèmi ni pé kí páànù dúró, kí a fi ọparun ṣe igi abẹ́ rẹ̀. Ilé bẹẹrẹ tutù ju ti páànù lọ lóòótọ́. Ta ni yóò máa tún un bò léraléra? Iná ńkọ́? Níbo la ó ti já gbòdógì tí yóò kárí àdúgbò kan, nígbà tí oko ti gba ibi tó ń hù?

Ẹni tó bá ti san owó òrùlé rí mọ̀ pé pákó abẹ́ páànù ń jẹ owó gan-an. Wọ́n ti gé igi igbó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ lọ wo igbó ọba tó wà ní Ìṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọparun kún etídò wa. Ohun tí a ń fi ṣe kò ju pé kó gbé dẹ́kìn ilé olówó dúró títí yóò fi gbẹ, lẹ́yìn náà a dáná sun ún!

Ọparun lè ru òrùlé ilé kékeré bí a bá tọ́jú rẹ̀. Èyí tó ti lé ní ọdún 3 ni kí a gé, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kòkòrò ń jẹ ẹ́ nítorí oúnjẹ tó wà nínú rẹ̀, nítorí náà kí a lu oríkèé rẹ̀ já, kí a rẹ ẹ́ sínú omi tí a po bóráàsì àti boric acid (oògùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ igi) sí, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ kan. Òjò máa ń fọ oògùn yìí dànù, kí orí ọparun má yọ síta rárá. Ẹ má kàn án níṣòó lásán, yóò là. Ẹ lu ihò, kí ẹ fi bóòtù dè é, kí ẹ wá tẹ́ pákó tín-ín-rín lé e tí ìṣó páànù yóò dì mú.

Àwọn kan yóò ní ká fi sìmẹ́ǹtì àti yanrìn mọ táìlì òrùlé. Kì í pariwo bí òjò bá ń rọ̀, àwọn ọmọ wa sì lè mọ ọ́n nílé níbí. Ṣùgbọ́n ó wúwo, igi tó pọ̀ ni yóò tún béèrè.

Ti ìjì òjò àkọ́rọ̀ tó ń ṣí òrùlé kiri, ẹ má di gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ ru páànù. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọn kò so igi òrùlé rẹ̀ mọ́ ògiri. Irin pẹlẹbẹ díẹ̀ tí a sin sáàárín búlọ́ọ̀kù, kí ni yóò náni?

Ẹ bá mi bẹ ìjọba kí wọ́n gbé ọparun lọ sí Pólì (ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe) Adó-Èkìtì, kí wọ́n di ẹrù lé e lórí, kí wọ́n sọ iye tó lè rù àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà síra tó nígbà tí a bá ń tò ó. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, kí wọ́n sì fún ẹgbẹ́ káfíńtà ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16. Ojú lásán la fi ń díwọ̀n rẹ̀ báyìí.

Káfíńtà kan,
Ìkéré-Èkìtì