Ọmọ mi, má sọ èèpo iṣu nù mọ́

Ìkọ̀lé-Èkìtì

Fọláṣadé ọmọ mi,

Mo dúpẹ́ pé ara gbogbo yín le. Ohun tí mo rí ní ẹ̀yìnkùlé rẹ nígbà tí mo wá sí Adó-Èkìtì kò tíì kúrò lọ́kàn mi: ẹ ń di èèpo iṣu sínú ọ̀rá, ẹ sì ń sanwó fún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí, nígbà tí ewé tẹ̀tẹ̀ tí o gbìn sẹ́bàá ògiri ń pọ́n nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò lọ́ràá. Nílé tí a ti ń gúnyán bíi tiwa, èèpo kì í wọ́n, oúnjẹ ilẹ̀ sì ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa fi ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́bàá ààtàn.

Bí o ṣe lè sọ èèpo náà di ajílẹ̀ nìyí: wá àgbá oníke kan, gé ìdí rẹ̀ kúrò, dá ihò sí i lára yíká, kí o sì gbé e ka orí ilẹ̀ gan-an, kì í ṣe orí kọnkéré, kí ekòló lè gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ìgbàkúùgbà tí o bá da abọ́ èèpo kan sí i, fi abọ́ ewé gbígbẹ méjì tàbí mẹ́ta bò ó. Èyí ni mo fẹ́ kí o dì mú jù, nítorí pé lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dán an wò, èèpo tútù nìkan ni mo ń dà sí i. Afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé, ó di ẹrọ̀fọ̀, ó ń rùn, ìdin sì kún inú rẹ̀ títí tí aládùúgbò wa fi bínú, mi ò sì lè dá a lẹ́bi.

Má ṣe da ẹran, ẹja tàbí ọbẹ̀ elépo sí i, kí eku má baà wá. Má da èpò tó ti so èso sí i pẹ̀lú: òkìtì ńlá tó ga tó mítà 1 lè gbóná tó 55°C, kí ó sì pa irúgbìn èpò, ṣùgbọ́n àgbá kékeré kì í sábà gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Máa fi ṣọ́bìrì yí i lọ́sẹ̀ méjì méjì. Láti mọ̀ bóyá omi inú rẹ̀ tó, bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí o fún un pọ̀ bí ẹni ń fún aṣọ. Bí omi bá kán lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré, ó ti tó. Nígbà ọyẹ́, wọ́n omi sí i. Nígbà òjò, fi páànù bò ó. Láàárín oṣù 3 sí 6, yóò di ajílẹ̀ dúdú, òórùn rẹ̀ yóò sì dà bíi ti ilẹ̀ igbó.

Mo ti gbá ewé kòkó gbígbẹ sínú àpò mẹ́ta dè ọ́. Rán ẹnìkan wá gbé e kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.