Ẹ Bá Wọn Dé Etí Odò

Àsàláámù aleikum wa ráhámátúláì wa bàrákátù.

Láàárọ̀ Àlàádì tó ń bọ̀, àwọn ọ̀dọ́ mọ́sáláṣí wa yóò tún lọ sí etí odò Asà láti ṣa ọ̀rá, kí wọ́n sì gbin igi. Owó ọkọ́ àti ìbọ̀wọ́ ti pé, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin àgbà fúnra yín ló kù.

Ánásì ọmọ Màlíkì kò ju ọmọ nǹkan bí ọdún 10 lọ nígbà tí ìyá rẹ̀ fà á lé Àńábì wa lọ́wọ́ ní Mẹ̀dínà (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ọdún 10 ló fi sìn ín. Òun ló sọ pé Àńábì kò ṣe ṣíọ̀ sí òun rí, kò sì bi òun rí pé kí ló dé tí o fi ṣe báyìí. Ẹnu Ánásì yìí náà la ti gbọ́ ọ pé Mùsùlùmí tó bá gbin igi, tí ẹyẹ, ènìyàn tàbí ẹran jẹ nínú rẹ̀, sàráà ló jẹ́ fún un. Àwa ńkọ́? Ọmọ kò tíì gbẹ́ ihò tán tí a ti ń pariwo lé e lórí.

Igi òrí wà lára ohun tí a fẹ́ gbìn, torí àwọn tó ń sun èédú ti gé e lulẹ̀ gan-an ní Kwara yìí. Kò fẹ́ ibi tí omi ń dúró sí, orí ilẹ̀ gíga ni tirẹ̀. Ọparun la ó gbìn sétí odò, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè di ilẹ̀ mú. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ṣe òrí, ẹ mọ èyí ju àwọn ọmọ lọ. Igi òrí lè gbà tó ọdún 15 sí 20 kó tó so. Nítorí náà, àgbà kan ni a fẹ́ fún ọ̀dọ́ méjì méjì, tí yóò máa bi wọ́n léèrè igi wọn nígbà ọyẹ́, tí yóò sì tibẹ̀ béèrè ilé ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Igi tí a gbìn nítorí fọ́tò kì í rẹ́ni bu omi sí i. (Ewúrẹ́ tó jẹ èso, sàráà ni. Èyí tó jẹ ọ̀mùnú ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣọgbà yí i ká.)

Ojú gbangba ni gbogbo iṣẹ́ yìí. Àgbà kankan kò gbọ́dọ̀ dá mú ọmọ lọ sí kọ̀rọ̀, kí òbí sì mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà.

Lẹ́yìn ìrun Súbùhì la ó gbéra. Ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, kó gbé àga tirẹ̀ dání, kó máa júwe fún wọn ibi tí odò yẹn máa ń kún dé nígbà èwe rẹ̀.