Ẹ má tíì bú alásè, páálí ló ń ba pizza jẹ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹjọ́ kan náà ni àwọn èèyàn máa ń rò nípa pizza tí wọ́n bá rà gbé lọ sílé láti ilé oúnjẹ àwọn ará Ítálì l'Ékòó: wọ́n ní ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì. Alásè ni wọ́n sì máa ń bú. Àwa tí a ń yan án mọ̀ pé páálí ló sábà máa ń jẹ̀bi, ẹni tó gbé páálí náà ló tẹ̀ lé e.

Pizza ti ìlú Naples kò le láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ AVPN, tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1984 láti máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ní kí ààrò gbóná tó nǹkan bíi 430°C ó kéré tán, kí pizza má sì lò ju ìṣẹ́jú àáyá 60 sí 90 lọ nínú rẹ̀. Iná bẹ́ẹ̀ á fi àmì dúdú tótòtó sí i létí, ṣùgbọ́n omi inú ìyẹ̀fun kò ní ráyè gbẹ tán. Ìdí nìyí tí àárín rẹ̀ fi máa ń tẹ̀ wálẹ̀ bí ẹ bá gbé e sókè, tí àwọn ará ibẹ̀ sì máa ń ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin, tí wọ́n á jẹ ẹ́ lórí ìdúró ní títì. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ń ró kàkà lẹ́nu, kó béèrè fún ti Róòmù tí wọ́n nà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìyẹn fara da ìrìn ju ti Naples lọ.

Wàyí o, bí wọ́n bá ti ki pizza gbígbóná bọ páálí tí wọ́n sì dé e, ooru á gòkè, á kan ìdérí, á di omi, á tún kán padà sórí rẹ̀. Ti abẹ́ ló burú jù, torí ìdí pizza lẹ̀ mọ́ páálí, ooru kò rọ́nà jáde, ìdí náà ló máa mu ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ti tó láti bà á jẹ́, ká má tíì sọ ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí Third Mainland. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí àwọ̀n irin fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí wọ́n tó dì í. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ páálí: ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ihò kéékèèké tí wọ́n ti gé sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò tì wọlé. Ẹ fi ìka tì í. Ẹ tún ní kí wọ́n má gé e, torí ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà ni omi tòmátì máa ń gbà dé ìdí. Àlùmọ́gàjí ni kí ẹ fi gé e nílé.

Nínú ọkọ̀, ẹ má gbé e sórí ìjókòó. Ìjókòó máa ń dà sẹ́yìn, wàrà (cheese) orí rẹ̀ á sì wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ilẹ̀ ọkọ̀ ni kó wà. Ọlọ́kadà tó bá ki páálí lóòró sínú báàgì ti ba iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn, kò sí àtúnṣe.

Ohun tí ẹ bá ní kí wọ́n fi sí i náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Marinara, tó jẹ́ tòmátì, aáyù, oregano àti òróró ólífì láìsí wàrà, kì í fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́ lọ́nà. Bó bá jẹ́ Margherita, tó jẹ́ tòmátì, wàrà àti ewé basil, ẹ béèrè bóyá wàrà màlúù ni wọ́n lò tàbí ti ẹfọ̀n. Ti ẹfọ̀n dùn, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ pọ̀. (Kí ẹnikẹ́ni má fi wàrà àwọn Fúlàní rọ́pò o: ìyẹn kì í yọ́, dídín ló gbà.) Ewé basil, ìbátan efinrin wa, lè ti dúdú kó tó délé, kò túmọ̀ sí pé ó bàjẹ́.

Àmọ́ ẹ̀bi alásè wà tí a kò lè dì ru páálí. Ẹ gé ẹyọ kan, kí ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé. Bí ẹ bá rí ìlà funfun tó ń fà bíi gọ́ọ̀mù lábẹ́ tòmátì, kò jinná. Ó lè jẹ́ pé tútù nini ni wọ́n na ìyẹ̀fun náà láti inú fíríìjì, tàbí kí tòmátì pọ̀ jù. Gíráàmù 60 sí 80 tó fún Margherita kan, ṣùgbọ́n àwọn kan á bù ú bí ẹni ń bu ọbẹ̀ sórí àmàlà. Ẹ dá irú rẹ̀ padà, ẹ má tijú.

Bó bá ti tutù, ẹ má gbé e sínú máíkírówéèfù. Á rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á le bí awọ. Páànù ìdín-ẹyin ni kí ẹ gbé kaná, láìsí òróró, kí iná má pọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta títí ìdí rẹ̀ á fi le. Kí ẹ wá kán omi ẹ̀kán mẹ́rin tàbí márùn-ún sí etí páànù, kó má kan pizza, kí ẹ sì dé e fún ìṣẹ́jú kan. Iná ìsàlẹ̀ á gbẹ ìdí, ooru òkè á yọ́ wàrà. Bí omi bá pọ̀, inú páálí lẹ tún padà sí yẹn.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kó wọ fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé, tàbí wákàtí kan bí ooru ìta bá kọjá 32°C. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú iná lọ láti àṣálẹ́ di òwúrọ̀, kọ́bọ́ọ̀dù lásán ni fíríìjì yẹn. Ẹ da pizza náà nù.

Àwa ni,
Àwọn alásè méjì kan, Ìkẹjà, Èkó