Òòfà ẹ̀yìn sípíkà kọ́ ni wọ́n fi ń yọ irin lójú

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mẹkáníìkì ọkọ̀ akẹ́rù ni mí n'Ìbàdàn níbí, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Irin tó ń wọ àwọn ọmọṣẹ́ wa lójú ló mú mi kọ̀wé, pàápàá èyí tó wọlé tí kò dun èèyàn.

Ọmọṣẹ́ mi kan wà lábẹ́ mọ́tò, ó ń tú nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún. Sípánà ò ràn án, ló bá gbé irin tí a fi ń gé nọ́ọ̀tì tì í, ó ń fi òòlù lù ú. Orí irin yẹn ti fẹ̀ bí olú, òòlù ti jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí etí rẹ̀ ń là yẹ́ẹ́rẹ́. Etí yẹn ni ẹ̀rún kan ti ta. Ọmọ náà ní ńṣe ló dà bíi pé kòkòrò kọlu òun lójú òsì. Omi díẹ̀ jáde, ó nù ún, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ń ríran kedere, ó padà sábẹ́ mọ́tò. Èmi náà yẹ ojú ọ̀hún wò. Àmì pupa kan ni mo rí, bí ìgbà tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún awọ.

Ẹ̀rún tó bá lẹ̀ mọ́ ojú lókè kì í jẹ́ kéèyàn gbádùn. Ojú á máa ta, á máa ṣomi. Àmọ́ èyí tó sáré bí ọta ìbọn máa ń kọjá sínú ẹyinjú lọ, ihò tó gbà wọlé á sì pa dé. Àṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀gá tó ń ṣe wáyà mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé òòfà ẹ̀yìn sípíkà wá, ó ní ká gbé e sún mọ́ ojú, irin á fò jáde. Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí, torí òòfà orí ọ̀pá làwa náà fi ń yọ nọ́ọ̀tì tó bá já sínú ẹ́ńjìnnì. Ọmọ náà ló yarí. Ilé ìwòsàn kan tí a kọ́kọ́ lọ, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, wọ́n fún un lóògùn tí wọ́n ń kán sójú, ó di ilé. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó ń ṣe nígbà tí nǹkan ta sí i lójú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní òun ń rí nǹkan dúdú tó ń fò bí eṣinṣin, ojú sì ń ṣe bàìbàì. Ìgbà yẹn la tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú gidi. Ìbéèrè tí àwọn tọ̀hún ò bi í ni ìyá yẹn kọ́kọ́ bi í. Bó ṣe gbọ́ pé irin ló ń fi òòlù lù, ó ní ká lọ ya X-ray. Ohun tó hàn níbẹ̀ ò ju hóró iyọ̀ lọ. Ó kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọdọ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni gbé e sínú ẹ̀rọ MRI tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara, torí òòfà inú ẹ̀ lágbára, ó lè wọ́ irin náà kiri inú ojú.

Nígbà tí mo sọ ti òòfà sípíkà fún un, ẹ̀rín pa á. Ó ní ọ̀gá oníwáyà ò kúkú ya wèrè: ní 1879 ni dókítà ojú kan tó ń jẹ́ Hirschberg ti ń fi òòfà oníná yọ irin lójú ní Berlin, dókítà Haab náà sì lo òòfà ńlá ní Zurich ní 1892. Ṣùgbọ́n ibi tó bá wu òòfà ló ń gbà fa irin jáde, ohun tó bá pàdé lọ́nà á fà ya. Dókítà Machemer ló la ọ̀nà mìíràn ní Miami lọ́dún 1970. Lóde òní, ihò kéékèèké mẹ́ta ni wọ́n ń lu sí ibi funfun ojú: ọ̀kan fún omi, ọ̀kan fún iná, ọ̀kan fún ọ̀bẹ tó ń gé omi yíyọ̀ inú ojú tó sì ń fà á mu. Omi yíyọ̀ yẹn dà bíi funfun inú ẹyin tútù. Tí irin bá wá hàn gbangba, wọ́n á fi ẹ̀mú tín-ín-rín tàbí òòfà kékeré mú un. Òòfà kì í fa bàbà rárá, bàbà sì tètè ń ba ojú jẹ́. Irin ní tiẹ̀ á máa dógùn-ún síbẹ̀, ìpẹtà náà á sì máa pa awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba àwòrán.

Wọ́n yọ ọ́ fún un. Ó ń ríran, àmọ́ ojú òsì yẹn, lẹ́tà gàdàgbà nìkan ló ń kà.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin oníkẹ́míìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe kẹ́ ẹ tó fún wọn lóògùn. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má fi ìṣáná tàbí ìgbálẹ̀ yọ nǹkan lójú ọmọ ọlọ́mọ, ẹ má fi omi ọmú sí i. Kò gbọdọ̀ ra á, kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ìdí kọ́ọ̀pù bébà bò ó, kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Gọ́gùlù sì yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn ọmọṣẹ́. Dígí oòrùn kọ́ ni mò ń wí.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, mo gbé irin olórí olú yẹn dání. Kéèyàn lọ orí ẹ̀ kó tún jọ̀lọ̀, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn ọ̀gá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò sí ṣọ́ọ̀bù tí kò ní irú ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá mẹkáníìkì kan, Ìbàdàn